Ọ̀rá Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Fọlákẹ́mi

Bí Fọlákẹ́mi bá wálé láti Ọ̀tà, àpò rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ibẹ̀ ni yóò gbé e kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni yóò ti máa fa aṣọ tó fẹ́ wọ̀ yọ, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti gbé e kọ́ èjìká lọ́jọ́ tó bá ń padà. Ìyá rẹ̀, Zipporah, ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sókè ré àpò náà kọjá láìwo ilẹ̀. Opó ni Zipporah, ọmọ kan ṣoṣo yìí ni Ọlọ́run fún un. Ó ń dín ìpékeré tí kò sí irú rẹ̀ láti Ìlá títí dé Òkè-Ìlá, ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn, kó kọ́kọ́ lọ jẹ ẹ́ wò ná.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ Zipporah lọ́kàn: kí ọmọ rẹ̀ máa gbélé. Kò ní kó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní kó wá jókòó ti agbada òróró. Ó kàn fẹ́ kó wálé kó má máa wo ojú ọ̀nà. Láti kékeré ni Fọlákẹ́mi ti rí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìgbájọ, ó gbé Iléṣà, ó kàwé ní Àkúrẹ́, ó wá ríṣẹ́ sí Ọ̀tà, ibi tí kò sì ti pẹ́ rí láyé ni ilé bàbá tó bí i. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní òun fẹ́ràn Ìlá gan-an, àmọ́ bí òun bá ti sùn tí òun jí lẹ́ẹ̀mejì, ṣe ni ara òun á máa sọ fún òun pé kí òun dìde. Àwọn ẹbí ti wí wí wí, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti dákẹ́.

Ìpékeré ló wá mú ìrètí dé. Àwọn ọmọ Ìlá tó wà ní Àbújá ń bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá tín-ínrín tí Zipporah ń so lẹ́nu kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú ariwo ẹnu rẹ̀. Á ti rọ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ni Fọlákẹ́mi wà, ó sì ṣèlérí pé òun á wá èyí tó dára, òun á ra ẹ̀rọ tí ń lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, wọ́n á kọ́ yàrá kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé, òun á sì máa wálé wá bójú tó o. Àdéhùn kan ló wà níbẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè ṣà jọ padà, kí wọ́n yọ́ ọ, kí wọ́n sì fi ṣe òmíràn.

“Màámi, èyí tí kò bá ṣeé yọ́, mi ò ní í fọwọ́ kàn án.”

Zipporah ní òun gbọ́. Ẹnu ló fi gbọ́. Ọkàn rẹ̀ ti wà lára ọ̀rá kan tó ń dán bíi fàdákà, tó rí nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Òṣogbo, tó sì ti ń fojú inú wo orúkọ ara rẹ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tí Fọlákẹ́mi wá kẹ́yìn, ó bu ìpékeré tí wọ́n dín nínú agbada kan náà sínú oríṣi ọ̀rá mẹ́rin, ó fi irin gbígbóná lẹ ẹnu wọn pọ̀, ó sì so wọ́n rọ̀ sí ìta ilé ìdáná, níbi tí oòrùn ti ń rí wọn. Ó kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kó má tọ́ ọ wò. Òjò rọ̀, oòrùn ràn, ọyẹ́ fẹ́, Zipporah ń wò wọ́n lókèèrè bí ọmọdé ṣe ń wo ẹran ọdún. Ìgbà tí Fọlákẹ́mi tún dé yìí ni wọ́n tó já wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Adétúnbọ̀ bíríkìlà ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá. Màmá Ifákẹ́mi náà gbé àpótí rẹ̀ wá sí ìdí tábìlì, ó ní ìpékeré kò gbọdọ̀ di jíjẹ lójú òun láìkan òun.

Àbúrò bàbá Obed ni Màmá Ifákẹ́mi, Obed sì ni ọkọ Zipporah tó di olóògbé. Inú agbo ilé olóòṣà ni wọ́n bí Obed sí, òun nìkan ló yà bàrá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó di tíṣà, tó tún di katikíìsì. Gbogbo ọjọ́ ayé Obed ni òun àti arábìnrin bàbá rẹ̀ yìí fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Nígbà tí ó kú, ìyá àgbà náà sọkún ju gbogbo ìjọ lọ.

Fọlákẹ́mi fi ọ̀bẹ gé ọ̀rá àkọ́kọ́. Ó funfun, ó rọ̀, ìbátan ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ni. Ìpékeré inú rẹ̀ ṣì dún díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n òórùn òróró tó ti pẹ́ gba imú Zipporah kó tó gbé e mì.

“Afẹ́fẹ́ ló wọlé tọ̀ ọ́,” ni Fọlákẹ́mi wí. “Omi ò lè gba inú ọ̀rá yìí kọjá, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń ráyè díẹ̀díẹ̀.”

“Láti ibo?” ni Màmá Ifákẹ́mi bèèrè. “Ó lu ni?”

“Kò lu, Màmá. Bó ṣe wà yẹn náà ni afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá.”

Zipporah gba ọ̀rá náà, ó nà án sókè sí oòrùn, ó fi ojú kan wá ihò títí. Kò rí nǹkan kan. Ó ti ń fi ọ̀rá di nǹkan láti ìgbà ọmọge rẹ̀, kò mọ̀ pé ohun tí ojú rí bí ògiri lè jẹ́ ìlẹ̀kùn fún nǹkan mìíràn. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, kò sì rántí pa á dé.

Ìkejì mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó ń pariwo bí ewé gbígbẹ. Ìpékeré rẹ̀ ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ti bá òróró rẹ̀ jà, adùn rẹ̀ ti ṣá. Fọlákẹ́mi fi ọ̀bẹ tọ́ etí ọ̀rá náà fẹ́rẹ́, ó fà á, ó sì ya dé ìsàlẹ̀ wàràwàrà. Ó ní ó ṣeé yọ́ o, ṣùgbọ́n ìran tirẹ̀ nìkan ni wọ́n lè yọ́ ọ pọ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó ń ṣà á jọ ní gbogbo agbègbè yìí.

Ìgbà tó kan ìkẹta, èyí tó ń dán bíi fàdákà, Zipporah fi ọwọ́ ara rẹ̀ já a. Òórùn agbada jáde bí ẹni pé àná ni wọ́n dín in. Ó sọ ọ̀kan sẹ́nu, ó dún tó bẹ́ẹ̀ tí Adétúnbọ̀ fi bèèrè láti ẹ̀yìnkùlé pé kí ló ṣẹ́. Ojú ìyá náà tàn. “Ó parí,” ni ó wí. “Èyí ni tèmi.”

“Ẹ tọ́ ìkẹrin wò ná, ẹ jọ̀ọ́.”

Ìkẹrin kò ní ẹwà kankan. Ó funfun báláú, ó le díẹ̀ ju ti píọ̀-wọ́tà lọ. Ṣùgbọ́n òórùn agbada wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìpékeré rẹ̀ sì dún. Màmá Ifákẹ́mi jẹ ti fàdákà, ó jẹ ti èyí, ó tún padà sí ti fàdákà, ó ní òun kò tíì mọ ìyàtọ̀, kí wọ́n fún òun sí i. Zipporah ní ti fàdákà fi díẹ̀ dára jù, òótọ́ ló sì sọ.

Fọlákẹ́mi kò jà. Ó tan áyọ́ọ̀nù ìyá rẹ̀, ó tẹ́ bébà sórí tábìlì. Ó gé díẹ̀ lára ọ̀rá ìkẹrin, ó gbé e lé díẹ̀ lára ti píọ̀-wọ́tà, ó fi bébà bò wọ́n, ó sì tẹ áyọ́ọ̀nù lé wọn. Nígbà tó ṣí i, ó gbé nǹkan kan ṣoṣo sókè. Zipporah fi èékánná wá ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí. Méjì ló rí nígbà tí Fọlákẹ́mi ń tẹ́ ẹ, ọ̀kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

“Jésù,” ni ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ìran kan náà ni wọ́n, Màámi. Ìkẹrin yẹn náà jẹ́ ìpele-ìpele, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni gbogbo ìpele rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n nà án nígbà tí wọ́n ń ṣe é ló fi le. Nǹkan bíńtín kan wà ní àárín tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́, ó kéré débi pé kì í dí yíyọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wá wo fàdákà yín báyìí.”

Ó tẹ áyọ́ọ̀nù lé fàdákà. Nígbà tó ṣí bébà, inú rẹ̀ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ bébà, ẹ̀yìn rẹ̀ kò yọ́ rárá, fàdákà àárín sì ká kò bí awọ ewúrẹ́ tó kan iná. Ìran mẹ́ta ni wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀, ni Fọlákẹ́mi wí, kò sì sí ẹni tó lè yà wọ́n mọ́. Ohun tí ènìyàn bá fi í dì lónìí ni ohun tó máa fi í dì kẹ́yìn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn tó ti fẹ́ nǹkan kì í tètè gbọ́ àlàyé. Zipporah yí fàdákà náà sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó ń dán gbinrin lójú rẹ̀.

“Tí kò bá wá ṣeé yọ́ ńkọ́?” ni ó wí. “Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán á jù ú nù, ilẹ̀ á sì jẹ ẹ́. Kí ni ilẹ̀ kò jẹ rí? Ó ń jẹ irin. Ó ń jẹ ènìyàn. Ọ̀rá lásán-làsàn ni kò wá ní í rí jẹ?”

“Ilẹ̀ kò lè jẹ ẹ́, Màámi.”

“Ìwọ lo bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀?”

Fọlákẹ́mi yọ okùn áyọ́ọ̀nù. Ó ní kò burú, kí wọ́n fi í sílẹ̀, òun á tètè jí lọ́la kí òun lè bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́, èyí ló sì dun Zipporah jù. Ó rí i tí ojú ọmọ náà lọ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, níbi tí àpò wà. Ó mọ̀ pé bí yàrá ẹ̀yìnkùlé bá di àpatì, kò tún sí nǹkan tí òun lè fi fa ọmọ yìí wálé mọ́, àfi ìsìnkú òun.

Kò tíì gbé fàdákà náà kalẹ̀ nígbà tí Adétúnbọ̀ ké láti ẹ̀yìn: “Ìyá Fọlákẹ́mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan mà!”

Igun tí wọ́n ń kọ́ yàrá sí, ibẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ Fọlákẹ́mi wà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọ, ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń sin ibi rẹ̀ sí, èkejì ọmọ tó tẹ̀lé e jáde. Wọ́n á dì í sínú ìkòkò amọ̀ tuntun, wọ́n á sì gbin nǹkan lé e lórí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n gbin lé ti Fọlákẹ́mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà yọ ewé títí, kò fìgbà kan so ìdì tó ṣeé fojú rí, afẹ́fẹ́ òjò sì gbé e wó ní èṣín. Nígbà tí Fọlákẹ́mi fẹ́ràn igun yẹn fún yàrá, Zipporah ní kò séwu, pé ohun tó wà níbẹ̀ ti di ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Adétúnbọ̀ dúró sínú kòtò, ó sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ti bọ́ fìlà. Ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ti hun ara wọn pọ̀ bí apẹ̀rẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ náà ni ọ̀rá dúdú kan wà, wọ́n so ó lẹ́nu ní kókó. Ó ń dán níbi tí omi ilẹ̀ ti wẹ̀ ẹ́. Gbòǹgbò ti yí i ká lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kankan wọn kò sì rí àyè wọlé.

Ẹ̀rù ba Zipporah, irú èyí tó máa ń bà á nígbà ọmọdé, bí wọ́n bá mú un lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta ní Òkè-Ìlá: ẹ̀rù tí kì í lé ènìyàn sá, tó jẹ́ pé ṣe ló ń fa ènìyàn mọ́ra. Ó kúnlẹ̀ ní etí kòtò. Ó gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ Adétúnbọ̀, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Awọ àlùbọ́sà nípọn díẹ̀ jù ú lọ. Òun ló sì dá òjò dúró, tó dá ikán dúró, tó dá gbòǹgbò dúró, láti ọjọ́ tí wọ́n bí Fọlákẹ́mi títí Fọlákẹ́mi fi di obìnrin tó ń wọ awò ojú.

Ó wo apá òsì, níbi tí sàréè Obed wà lábẹ́ igi ìṣin. Ilẹ̀ kan náà ni. Ó ti gba Obed pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ àti kóòtù dúdú rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di ara rẹ̀, kò sì rí ọ̀rá yìí gbà.

“Ta ló sin ín báyìí?” ni Zipporah bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

“Ọkọ rẹ ni,” ni Màmá Ifákẹ́mi wí. Ó ti fi ọ̀pá rìn dé etí kòtò. “Ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e fún un nílé ìwòsàn nìyẹn. Abẹ́ kóòtù ló fi í sí wọ ìlú, kí àwọn ọmọ ìjọ má baà rí i. Mo gbé ìkòkò tuntun jáde fún un, ó ní òun ò sí nínú ọ̀rọ̀ ìkòkò, pé sísin ni sísin ń jẹ́. Òjò ti ṣú. Mo rò pé ó máa tú u sílẹ̀, ó kéré tán. Àṣé bó ṣe wà yẹn náà ló ṣe jù ú síbẹ̀. Ọmọ àná! Ó mọ Bíbélì, kò mọ ilẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí ojú rẹ̀.

Fọlákẹ́mi ni wọn kò rántí wò. Ó dúró gbọin. Òun tó mọ iye ọdún tí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lè lò, tó ti sọ ọ́ fún ènìyàn láìmọye, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wo ọ̀rá náà.

“Èmi nìyẹn?” ni ó wí, pẹ̀lú ohùn ọmọ kékeré.

“Ìwọ ni,” ni Màmá Ifákẹ́mi wí, ó sì fi oríkì rẹ̀ pè é. “Ilẹ̀ kò tíì rí ọ gbà, Àwẹ̀ró. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ó ti ń dúró dè ọ́ láti ọjọ́ yìí wá.”

Zipporah jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí Ìgbájọ, Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Ọ̀tà, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀, kò bò ó. Màmá Ifákẹ́mi wọ yàrá rẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde, ìkòkò amọ̀ kan wà lápá rẹ̀, ètè rẹ̀ ti jẹ níbì kan. Ìkòkò ọjọ́ náà lọ́hùn-ún ni. Ó ní inú rẹ̀ ni òun ti ń mu omi láti ìgbà yẹn, kò sí omi tó tutù tó o nínú ilé yìí. Ó da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ìkòkò náà fún ọmọ.

Fọlákẹ́mi fúnra rẹ̀ ló tú kókó náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́: nǹkan dúdú, tútù, bí ilẹ̀ tí kò tíì di ilẹ̀. Ó bu ú sínú ìkòkò pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Adétúnbọ̀ gbẹ́ ojú ibòmíràn sẹ́bàá sàréè Obed, lábẹ́ igi ìṣin, ó sì gbé ṣọ́bìrì fún Fọlákẹ́mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán náà ló fi wa ilẹ̀ bò ó. Zipporah gbàdúrà lórúkọ Jésù. Màmá Ifákẹ́mi dúró kí ó ṣe Àmín tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀: “Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí, ọmọ rẹ rèé o. Má ṣe bínú, ó pẹ́ lọ́nà ni.” Zipporah ṣe àṣẹ sí i. Ó yà á lẹ́nu bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó fọ ọ̀rá dúdú náà nídìí kànga, ó sì sá a sórí okùn aṣọ. Afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ó wú. Ó wò ó títí. Ó wọlé, ó mú fàdákà orí tábìlì, ó fi lé Fọlákẹ́mi lọ́wọ́.

“Dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ìkẹrin yẹn ni kí o bá mi rà.”

“Kò dán bí èyí o, Màámi.”

“Mo rí i. Kí ó má dán. Èmi ò ní í fi nǹkan ránṣẹ́ sínú ilẹ̀ kí ilẹ̀ máa bá a jà títí ayé. Èyí ńkọ́?” Ó nawọ́ sí orí okùn. “Ó ṣeé yọ́?”

Fọlákẹ́mi fi ìka méjì mú etí ọ̀rá dúdú náà, ó fà á. Ó nà, ó nà, kò já.

“Ìran píọ̀-wọ́tà ni,” ni ó wí. “Ó ṣeé yọ́.” Ó ká a pẹ̀lẹ́, ó sì tì í sínú àpò ńlá kan níbi tí wọ́n ń kó ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tí wọ́n ti fọ̀ sí.

Adétúnbọ̀ dí kòtò àkọ́kọ́, ó sún okùn ìpìlẹ̀ rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń ráhùn pé ọjọ́ ti lọ. Zipporah gbé ìpékeré tó kù fún un, ó sì dúró ní ẹ̀yìnkùlé títí oòrùn fi wọ̀, ó ń bá Màmá Ifákẹ́mi sọ̀rọ̀ nípa Obed. Nígbà tí ó fẹ́ wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀, bí ó ti máa ń ṣe, kó má baà kọ àpò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀ lásán, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó di férémù ìlẹ̀kùn mú. Nínú yàrá, ó gbọ́ tí Fọlákẹ́mi ń ṣí dúróọ̀, tó ń to aṣọ.